Ìlú Tí A Kò Tíì Sin Òkú Sí

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ní Ajégúnlẹ̀ ń bi mí: ṣé òtútù Kánádà pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí? Ó pọ̀. Ó pọ̀ débi pé ìgbà mìíràn wà tí mo ní láti fọwọ́ kan etí mi méjèèjì wò, bóyá wọ́n ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi wọ́n sí. Ìyẹn ti tán. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi mí, nítorí òun gan-an ló gbé mi rìn, òun náà ni mo sì padà wá bá nílé.

Ìbéèrè Bàbá Fátólú

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Ràṣídì ni mí, tí mò ń ka ẹrù ní Kirikiri Lighter Terminal, níbi tí àwọn bájì ti ń já ẹrù sílẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló wá láti Ìsẹ́yìn, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ọjà láti Warehouse Road lọ sí òkè. Nígbà tí ìjọba ṣọ́jà ní ká yan kánsẹ́lọ̀, àwọn ará àdúgbò wa ní èmi ni kí n jáde, nítorí èmi ni mo kó àwọn ọ̀dọ́ jọ tí a fi kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà ní ọdún tí omi wọ gbogbo ilé. Mo gbà. Ká má parọ́, inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ti rán agbádá.

Ìpàdé kan ṣoṣo ló kù, ti àwọn àgbà. Bàbá Fátólú ló jókòó síwájú. Ìdílé wọn ti ń pẹja ní etí omi yìí kí wọ́n tó kọ́ èbúté kankan sí Apapa. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí ènìyàn, kí onítọ̀hún yáa lọ máa ka ẹrù rẹ̀.

"Ràṣídì," wọ́n ní, "ọmọ dáadáa ni ọ́. A rí ọ lójú gọ́tà. Ṣùgbọ́n níbo lẹ sin bàbá rẹ sí?"

"Ìsẹ́yìn ni, sà."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó bá mi pààlà ńkọ́?"

"Ìsẹ́yìn náà ni, sà."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé Ìsẹ́yìn ni ṣáá?"

Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé."

"Ẹ gbọ́!" Bàbá Fátólú yíjú sí àwọn àgbà yòókù. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Àjò ló pe ilẹ̀ wa. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbí, wọ́n ń bímọ níbí, bí ọ̀kan nínú wọn bá wá kú, wọ́n á dì í bí ẹrù, ó di ọ̀nà òkè. Ilẹ̀ tí ẹ kò fọkàn tán láti sùn sí, ṣé òun lẹ wá fẹ́ ṣe olórí rẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àgbà ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n lọ, pé àwọn á ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó bá ti gbé àárín àwọn àgbà rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Màámi wà nídìí àtẹ nígbà tí mo délé, wọ́n ń ṣa edé. Ọwọ́ àwọn apẹja Snake Island ni wọ́n ti ń rà á, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń yan án. Ohun méjì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa màámi. Ìkíní, ẹ kò lè rí iyanrìn nínú edé wọn. Ìkejì, ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn ní Ìsẹ́yìn ni wọn yóò sùn sí. Bí a bá lọ ṣe Iléyá, wọ́n á ní kí a bá àwọn ro ẹ̀gbẹ́ oórì náà, wọ́n á wá dúró síbẹ̀, wọ́n á máa wo ilẹ̀ bí ẹni ń wo yàrá tó fẹ́ kó wọ̀.

Mo rojọ́ fún wọn. Mo bú Bàbá Fátólú lẹ́yìn, ohun tí n kò jẹ́ dán wò lójú wọn. Mo wá sọ gbólóhùn kan. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Mo ní, "Ká ní a tilẹ̀ ní ẹyọ òkú kan péré nílẹ̀ yìí, ta ni ì bá lè yọ mí lẹ́nu?"

 Ọwọ́ màámi dúró díẹ̀ nínú edé. Wọ́n ní kí n lọ wẹ̀, oúnjẹ ti jinná.

Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, Bùràímọ̀, tó ti ń gbé ní ìlú èbúté kan ní Kánádà láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó fèsì pé òun mọ ọkùnrin Júù kan níbẹ̀, Mẹ́ńdẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Òkèèrè ni wọ́n ti bí i, síbẹ̀ ó ti ṣe òṣèlú láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, kánsẹ́lọ̀, ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, mínísítà, títí dé ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè. "Ìbò ń bọ̀ níbí náà," ó kọ, "màá fowó ọkọ̀ ránṣẹ́. Wá wo bí àlejò ṣe ń ṣe é." Ìbò tiwa sì ti sún síwájú, bí ìṣe ìjọba ṣọ́jà. Mo gba ìsinmi.

Sọ́ńdè, tí a jọ ń ka ẹrù, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ràṣ, you wan go learn politics for oyinbo land? The one wey dey here never do you?"

Màámi di edé sínú ike onídèérí kan fún ọkùnrin Júù náà, nítorí a kì í lọ sílé àgbà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n bi mí bóyá àwọn Júù ń jẹ edé.

"Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ bíi tiwa ni, màámi. Ẹni tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí ló fẹ́ wí sí edé?"

Ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyẹn.

Edé lórí pẹpẹ

Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Láti ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ dé ilé Bùràímọ̀, gbogbo ẹni tí mo pàdé ni mo kí. Obìnrin kan ló wò mí, òun náà fa ajá rẹ̀ mọ́ra. Ohun tó tù mí nínú ni afẹ́fẹ́: òórùn epo ọkọ̀ àti omi iyọ̀ kan náà tó ń fẹ́ wọ Apapa láàárọ̀. Mo fa á símú, mo ní ó dáa, ìlú tó bá ní èbúté, n kò lè sọnù níbẹ̀ pátápátá.

Mo ti ń fojú inú wo ilé Mẹ́ńdẹ́lì: géètì gíga, ọlọ́pàá, ọkọ̀ rẹpẹtẹ. Ilé pákó kékeré kan ni Bùràímọ̀ mú mi lọ. Bàbá náà fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn, tẹ̀ẹ́rẹ́ ni wọ́n, etí wọn tóbi, wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n wọ̀ láìsí bàtà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n kúnlẹ̀ láti gbé mi, wọ́n ń pariwo kí ìyàwó wọn gbé omi wá, Bùràímọ̀ sì ń ṣàlàyé lórí wa. A pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé ara wa. Ìyẹn kò tilẹ̀ dùn mí tó bí gbogbo ènìyàn, tọmọdé tàgbà, ṣe ń pe irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́ńdẹ́lì lásán. Èmi ń pè wọ́n ní Bàbá. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé edé kalẹ̀. Ìyàwó wọn, Hánà, ṣí i, ojú rẹ̀ yí padà. Bùràímọ̀ fọwọ́ gbá iwájú orí.

"Ràṣídì! Edé kẹ̀? Kí ló dé tí o ò bi mí? Èèwọ̀ wọn ni! Ohun inú omi tí kò bá ti ní ìpẹ́, wọn kì í fi kẹ́nu!"

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Àgbà tí mo wá gbẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, èèwọ̀ wọn ni mo fi kí wọn. Mo na ọwọ́ láti gbé e kúrò, ṣùgbọ́n Bàbá Mẹ́ńdẹ́lì di ike náà mú.

"Ta ló ṣe é?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Ṣé wọ́n wà láàyè?"

"Wọ́n wà."

Wọ́n dé e padà. Wọ́n gbé e lọ sórí pẹpẹ ìwé nínú pálọ̀, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán obìnrin arúgbó kan tó wé gèlè pénpé. Ìyá tiwọn ni. "N kò lè jẹ ẹ́," wọ́n ní, "n kò sì lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ni." Bí edé màámi ṣe ń gbé nínú pálọ̀ Júù nìyẹn. Láràárọ̀ tí mo bá dé ibẹ̀ ni Hánà ń ṣí fèrèsé sínú òtútù nítorí òórùn rẹ̀, á wo pẹpẹ, á wò mí, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò lọ́jọ́ kan.

Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún wa lọ́jọ́ náà ni ẹja tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ẹ gbọ́ mi, ṣúgà nínú ẹja. Mo jẹ ẹ́ tán, nítorí ẹ̀bi mi ti pọ̀ tó. Mo wá bi wọ́n pé ipò wo gan-an ni wọ́n ń dù báyìí.

"Kánsẹ́lọ̀," ni wọ́n dáhùn.

Mo wo Bùràímọ̀. Bùràímọ̀ ń wo ṣíbí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe mínísítà, tó ti jókòó nílé aṣòfin orílẹ̀-èdè, ipò tí èmi ń wá láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá. Mo ronú pé mo ti fi ìsinmi ọdún mi ṣòfò.

Lẹ́tà méjì

Ojoojúmọ́ la ń rìn láti ilé dé ilé, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, èmi ń gbé ìwé ìpolongo. Bí a ti ń rìn ni wọ́n ń sọ ìtàn wọn fún mi, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń ṣẹ́ iṣu.

Ìlú kékeré kan ní Póláǹdì ni wọ́n bí wọn sí. Ogun àgbáyé kìíní pa bàbá wọn àti gbogbo ọmọ ìyá wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n nígbà tí àwọn àti ìyá wọn gúnlẹ̀ sí èbúté yẹn, àwọn méjì péré. Ìyá ń ran bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù àwọn atukọ̀, ọmọ dàgbà, ó di alábàárù ní èbúté. Nítorí pé ó mọ̀wé kọ, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣe akọ̀wé. Alábàárù kan tó ń jẹ́ Kíránì ló kọ́kọ́ mú un láti ilé dé ilé pé kí wọ́n dìbò fún un.

"Kí ló rí lára yín, Bàbá?"

"Ó ní èmi nìkan ni òṣèlú tó mọ bí a ṣe ń panu mọ́."

Àṣà wọn ni. Bí ẹnìkan bá kú láàárín àwọn Júù, ọjọ́ méje ni àwọn olóòkú ń jókòó nílé. Ẹni tó bá wá bá wọn kẹ́dùn kì í kan ilẹ̀kùn, kì í kí ẹnikẹ́ni, á kàn wọlé, á wá ibi kan jókòó, á sì dákẹ́ títí olóòkú fúnra rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀. Bí olóòkú kò bá sọ̀rọ̀, á dìde, á máa lọ. Bàbá Mẹ́ńdẹ́lì ń ṣe é fún gbogbo ará àdúgbò, ìbáà ṣe Júù, ìbáà ṣe Onígbàgbọ́. Ní ìlú tí àwọn òṣèlú ti ń sọ̀rọ̀ bí òjò, àwọn ènìyàn kò gbàgbé ẹni tó wá dákẹ́ ti wọn. Ìyẹn ló gbé wọn wọ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, tó gbé wọn dé kánsẹ́lọ̀, tó tún gbé wọn kọjá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ipò ti ń ga ni ilé ọ̀fọ̀ ń pọ̀ sí i, tó sì ń jìnnà. Nígbà tí wọ́n fi dé olú-ìlú, akọ̀wé kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ lórúkọ wọn. Ìyàwó Kíránì kú. Lẹ́tà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, lẹ́tà kan náà tún dé, kò yàtọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan.

"Kò bú mi," wọ́n ní. "Ó kàn fi ìṣó kan méjèèjì mọ́ ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Gbogbo alábàárù ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́."

Ìbò tó tẹ̀ lé e, wọ́n fìdí rẹmi.

A wà lẹ́nu ìpolongo yìí nígbà tí ìròyìn dé pé Kíránì náà ti kú. Bàbá Mẹ́ńdẹ́lì kó gbogbo ìwé ọwọ́ wọn sínú àpótí ìdọ̀tí, wọ́n ní kí n máa ká lọ. Ihò ìṣó ṣì wà lára ilẹ̀kùn ilé Kíránì nígbà tí a débẹ̀. Ọmọ Kíránì obìnrin, ẹni bí ogójì ọdún, ló jókòó nídìí fèrèsé. Bàbá wá àga kúkurú kan tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé, wọ́n jókòó sórí rẹ̀, orúnkún wọn fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n. Wọ́n dákẹ́.

Wọ́n ti kọ́ mi kí a tó wọlé. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ̀yin náà lè ṣe é? Ní ilé wa, ẹni tó dé ibi òkú tó dákẹ́, wọ́n á ní ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń gùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde, tí mo tẹríba fún obìnrin náà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn wọn á dáa, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ń wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bàbá Mẹ́ńdẹ́lì fa ẹ̀yìn kóòtù mi, mo jókòó.

Ìtìjú ò jẹ́ kí n gbójú sókè. A wà bẹ́ẹ̀ títí tíì inú ife ẹnìkan fi tutù. Obìnrin náà wá sọ̀rọ̀, fèrèsé ló kọjú sí.

"Lẹ́tà méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá dáhùn. "Èmi ni mo fọwọ́ sí méjèèjì. N kò ka ọ̀kankan."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó wá ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ títí, Bàbá Mẹ́ńdẹ́lì ń mi orí. Nígbà tí a jáde mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò mẹ́nu ba ìbò rárá.

"Wọn kì í tọrọ nǹkan nílé ọ̀fọ̀."

Lójú ọ̀nà ni mo ti wá rí àyè bi wọ́n ní ohun tó gbé mi sọdá òkun. Mo sọ ti Bàbá Fátólú àti ti òkú Ìsẹ́yìn. Mo ní, "Báwo ni ẹ ṣe ṣe é tí wọn kò fi pè yín ní àlejò mọ́?"

Wọ́n ní, "Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ṣe kánsẹ́lọ̀, wọ́n ń bi mí. Mo ṣe mínísítà, wọ́n ń bi mí. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi kú, mo sin ín sórí òkè ọ̀hún yẹn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí mọ́." Wọ́n nu imú wọn. "Ràṣídì, bí wọ́n bá ní kí n yàn, màá ní kí wọ́n máa bi mí lọ."

Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ rò pé ó yé mi.

Àpótí bàtà

Sọ́ńdè ló tẹ̀ wá láago láti ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road. "Ràṣ, Mama don go." Ó ní àyà ló dùn wọ́n lówùúrọ̀, wọ́n kú kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn àáfà sì ti sìnkú wọn lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Mo ń pariwo "Hẹ́lò! Hẹ́lò!" nígbà tí ìlà já. N kò tilẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Kí ni mo fẹ́ béèrè? Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Bùràímọ̀ jáde lọ wá tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ó ń sunkún lọ lójú títì bí ọmọdé. Èmi nìkan ló kù nínú ilé ní ìlú tí kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Nílé, yàrá wa ì bá ti kún. Ìyá ẹlẹ́kọ ì bá ti dé, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ì bá ti dé, ariwo ì bá ti dí mi létí.

Ilẹ̀kùn ṣí láìsí pé ẹnikẹ́ni kàn án. Bàbá Mẹ́ńdẹ́lì ni. Ike màámi wà lápá wọn kan, abọ́ ẹyin sísè, oúnjẹ ọ̀fọ̀ wọn, wà lápá kejì. Wọ́n fi ike náà síwájú mi. Wọ́n wo gbogbo ilé, wọ́n rí àpótí bàtà Bùràímọ̀, wọ́n jókòó lé e, ó sì tẹ̀ wọ̀ǹjọ̀ lábẹ́ wọn. Wọ́n dákẹ́.

Mo mọ àṣà náà, síbẹ̀ ó bí mi nínú. Mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún mi pé Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Mo fẹ́ ká kí mi! Mo kẹ̀yìn sí wọn. Wọn kò lọ. Òwúrọ̀ di ọ̀sán lórí àpótí bàtà yẹn, arúgbó tí ìbò rẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, n kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni èyí tí mo sọ fún màámi nídìí àtẹ edé, pé ká ní a ní ẹyọ òkú kan péré. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, "Bàbá, bóyá wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ."

"Ìyá máa ń gbọ́," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo ṣí ike, mo bu edé sínú ìrẹsì Bùràímọ̀ tó ti dì, mo jẹ ẹ́. Kò sí iyanrìn kankan nínú rẹ̀.

N kò dúró de ìbò wọn. Bùràímọ̀ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà pé Bàbá wọlé, àti pé ọmọ Kíránì wà nínú àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ̀yìn ilé Bàbá Fátólú

Bí mo ti sọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ní kí Sọ́ńdè bá mi wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn lójú ẹsẹ̀.

Sọ́ńdè kò wò mí lójú. "Ìsẹ́yìn kẹ̀? No be there, Ràṣ. Come."

Ó mú mi gba ẹ̀yìn ilé Bàbá Fátólú, lórí ilẹ̀ ìdílé wọn tó kọjú sí omi. Igi àgbọn kan wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ebè tuntun kan wà, wọ́n fi òkúta funfun yí i ká.  Mo jókòó sórí ilẹ̀.

Bàbá Fátólú gbé àpótí ìjókòó wọn jáde, wọ́n wá jókòó tì mí. Wọ́n kí mi. Wọ́n kí mi gbogbo bí a ti ń kíni, wọ́n tún un kí, títí kíkí fi tán lẹ́nu wọn. N kò dáhùn. Nígbà ayé mi n kò ṣe irú rẹ̀ sí àgbà rí. Nígbà tó yá ni mo wá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, Ìsẹ́yìn ni màámi fẹ́ sùn."

"Mo mọ̀." Wọ́n bọ́ fìlà. "Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí o lọ ni wọ́n wá, àwọn fúnra wọn, wọ́n gbé edé wá fún mi. Wọ́n ní àyà ń dun àwọn, kí n fún àwọn ní ilẹ̀. Mo ní, Ìyá Bùràímọ̀, ọkọ yín ńkọ́? Wọ́n ní tọkọ àwọn kò le, àwọn á ṣàlàyé fún un. Mo ní kí wọ́n lọ rò ó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n ti padà dé. Wọ́n ní àwọn ti rò ó tán. Wọ́n ní kí n má bi ọmọ àwọn léèrè òkú mọ́." Omi bọ́ lójú àgbàlagbà náà. "Ràṣídì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sọ nípàdé yẹn. Ká ní o padà wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ǹ bá ti fọwọ́ sí i."

Wọ́n yọ fọ́ọ̀mù ìdíje kánsẹ́lọ̀ kan lápò, wọ́n fi lé mi lórí itan. Wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Mo gbà á. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ẹ̀yin ará mi, tàbí kí ẹ dá mi lẹ́jọ́ bó bá wù yín: ohun tí wọ́n fi ara wọn rà fún mi, ṣé kí n wá sọ ọ́ nù ni? Mo du ipò náà, mo sì wọlé. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo sì ń fẹ́ kí ẹnìkan bi mí.

Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé Bàbá Fátólú. Wọ́n ti fi àpótí ìjókòó kúkurú kan síbẹ̀ fún mi. N kì í kí màámi, n kì í gbàdúrà sókè. Mo kàn ń jókòó tì wọ́n ni, mo ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.